Ẹni Kẹwàá

Bí ẹ bá kúrò ní Sakété tí ẹ gba ojú ọ̀nà Yoko, ẹ ó rí ilé kékeré kan onípáànù lápá ọ̀tún, tí wọ́n kùn ní funfun dé ìdajì kí ọ̀dà tó tán. Ilé ìsìn wa nìyẹn. Bí ẹ bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni pé gbogbo àga gbọọrọ inú rẹ̀ ló wọ́. Kò sí èyí tó kọjú sí ògiri nínú wọn. Igun ilé ni gbogbo wọn kọjú sí, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ dúró ní kọ̀rọ̀. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Másọ́n ni, ọ̀rọ̀ àwọn àga yìí sì ń dùn ún títí di òní.

Nígbà tó ń kọ́ ọ, ó kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, bí a ṣe ń ṣe ní ìjọ aláṣọ funfun tí a ti jáde wá. Lẹ́yìn tí páànù ti wà lórí ilé ni àlejò kan fi pọ́tábù rẹ̀, fóònù alágbèéká, wá ọ̀nà Jerúsálẹ́mù tó yẹ kí a máa kọjú sí gbàdúrà fún wa. A rí i pé kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an, ó yà sí àríwá dáadáa. Bàbá mi wo ògiri tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé, ó wo pọ́tábù, ó tún wo ògiri. Ó ní òun kò ní torí abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n lójú gíláàsì wó ilé. Àga ni a yí.

Alàgbà ni bàbá mi nínú ìjọ aláṣọ funfun yẹn kó tó di pé ìbéèrè kan wọ̀ ọ́ lórí: ta ló gbé ọjọ́ ìsinmi kúrò ní Sátidé lọ sí Sọ́ńdè? Ó bi olórí ìjọ, wọ́n gbàdúrà fún un. Ó tún béèrè, wọ́n gba ààwẹ̀ lé àdúrà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ká ẹní wa, ó jáde, ìdílé mẹ́fà sì tẹ̀ lé e. Èmi tẹ̀ lé e nítorí pé ìyá mi tẹ̀ lé e. Ìyá mi ní òun tẹ̀ lé e nítorí pé ọkùnrin náà kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀, ebi ni yóò pa á lọ́nà Jerúsálẹ́mù.

Báyìí ni a ṣe di Júù láìtíì fojú kan Júù kankan rí. A ń sinmi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. A kì í dáná, a kì í gun ọkọ̀, a kì í fọwọ́ kan ọkọ́. Àwọn ará àdúgbò ń pè wá ní oní-Sámídì, ìyẹn oní-Sátidé, wọn kò sì fi ṣe ìbínú. Bàbá mi fi olùkọ́ kan tó ní pọ́tábù ńlá kọ lẹ́tà sí òkè òkun, pé a wà níbí o, ẹ wá kọ́ wa.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá wa lóhùn jẹ́ ìyá àgbà kan láti ilẹ̀ Faransé. Irun rẹ̀ funfun, ṣòkòtò ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti ọmọ ogún ọdún lọ. A ń pè é ní Màmá. Nígbà tí àkókò àdúrà tó, òun fúnra rẹ̀ ló fa aṣọ ìborùn oníwajawaja yọ nínú àpò, ó fi bo èjìká, ó sì bọ́ síwájú. Àwọn ọkùnrin wa wo ilẹ̀. Mo mọ èdè Faransé díẹ̀ láti ilé ìwé, èmi ni mò ń túmọ̀, nítorí náà èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ní ẹ̀ka tiwọn, ọkùnrin àti obìnrin jọ ń jókòó ni, èyí tó bá mọ̀ ọ́n kà ni yóò ṣáájú, ẹni gbogbo ló sì tó kà mọ́ ìjọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Kò jọ pé mo fi ayọ̀ náà pa mọ́ nínú ohùn mi.

Ọkàn ìyá mi kò sí lára ìyẹn. Ẹ̀wà rẹ̀ ló ń rò. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, a máa gbé ìkòkò ẹ̀wà sórí ẹ̀yinná, a fi eérú bò ó, a fi ewé dé e lójú, kó lè gbóná di ọ̀sán ọjọ́ kejì láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iná. Ó rò pé àlejò yóò fi ẹ̀wà àná yẹn ṣẹ̀fẹ̀. Màmá tọ́ ọ wò, ó tún bù ú sí ẹnu. Ó ní ìyá ìyá òun, tó gbé ní Algeria, báyìí gan-an ló ń ṣe é, lọ́jọ́ Ẹtì, nínú eérú. Láti ọjọ́ náà lọ, Màmá kò lè ṣe àṣìṣe mọ́ lójú ìyá mi.

Màmá náà ló kọ́ wa pé àwọn àdúrà kan wà tí èèyàn kò lè dá gbà. Kádíṣì, àdúrà tí ọmọ ń gbà fún òbí tó ti kú, wà lára wọn. Ìjọ gbọ́dọ̀ pé. A kò sì gbọdọ̀ tọ́ka sí èèyàn kí a máa wí pé ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹsẹ àdúrà kan wà tí wọ́n ń kà dípò, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹsẹ náà bá parí láìsí pé èèyàn tán, ìjọ pé.

“Wọ́n mọ ìyẹn náà?” ni ìyá mi wí. “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá mi bí wa, kò sì jẹ́ fẹnu kan iye wa títí ó fi kú.”

Ara mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Títí di ìgbà náà, ẹ̀sìn bàbá mi ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Màmá kọ ibi tí ẹsẹ náà wà sínú ìwé pélébé fún wa, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Kò sọ iye tó yẹ kí ìjọ jẹ́, nítorí pé lójú tirẹ̀ ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Àwa náà kò béèrè. A ṣí Ìwé Mímọ́ tiwa, a rí ẹsẹ náà ní Yorùbá, bàbá mi há a sórí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kà. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni. Ní Yorùbá tiwa, méjìlélógún ni.

Ọdún méjì gbáko ni a fi ń wá èèyàn méjìlélógún ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sì gbà pé ìyà tí àwọn Júù ń jẹ káàkiri ayé nìyẹn. Ìyá mi ló ń kó wọn jọ. Yóò ti jáde láàárọ̀ kùtù, yóò máa kan ilẹ̀kùn ní ilé àwọn ìdílé mẹ́fà náà: ìyàwó dà, ìyá ọkọ dà, ọmọbìnrin tó ti pé ọdún méjìlá dà? Ìyá arúgbó kan ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Ita-Djèbou, pẹ̀lú ọ̀pá, nítorí pé bí kò bá dé, ọ̀rọ̀ kan kò ní rí orí tí yóò bà lé. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń wọlé bí olóyè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá ti rí ẹni bà lé, ìyá mi á pàtẹ́wọ́, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. N kò rò pé ilé ìsìn kan wà láyé tí inú wọn dùn tó báyẹn nítorí pé wọ́n pé.

Ẹni kejì tó bẹ̀ wá wò jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀ka àwọn tó ń pa òfin mọ́ délẹ̀délẹ̀. Inú oòrùn wa tó ń sun páànù ló ti wọ kóòtù dúdú, tó dé àkẹtẹ̀ dúdú. Mo na ọwọ́ kí i, kò gbà á. Ọwọ́ mi dúró lófurufú bí aṣọ tí wọ́n sá. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láìjẹ́ kó dùn létí. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kì í ṣe ìgbéraga, pé ìyàwó òun náà kò ní gba ọwọ́ bàbá mi. Ó sun orí ẹní. Ìkòkò tirẹ̀ ló gbé wá tó fi ń se ẹyin. Ó kọ́ àwọn ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń wé awọ àdúrà mọ́ apá láàárọ̀, kò sì kanra mọ́ ẹni tó wé e sódì rí. Kí n tó mọ̀, mo ti ń bá a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jókòó, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ àdúrà wa ka ìjọ. Ó ń kà, ó ń rìn. Ó kọjá àwọn ọkùnrin, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó ṣì ń kà. Oníàkẹtẹ̀ bi mí pé kí ni bàbá ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó fi ìka rẹ̀ ṣe ìṣirò díẹ̀, ó fọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé a ti sọ̀rọ̀ òdì ni, àfi ìgbà tó yọwọ́ lójú tí mo rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

“Mẹ́wàá ni,” ó wí. “Mẹ́wàá péré.”

Mo túmọ̀ rẹ̀, ariwo gba ilé. Ọkùnrin kan na ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ti oko dé. Bàbá mi jókòó, ó ń fọwọ́ nu orí, ó ní, “Ọdún méjì, ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún méjì.” Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ ni Oníàkẹtẹ̀ fi ìyókù kún un, èmi náà ni mo sì túmọ̀ rẹ̀, pé ọkùnrin ni ẹni mẹ́wàá ọ̀hún.

Láàárín oṣù kan, rídò, aṣọ ìkélé, ti wà láàárín ilé, àwa obìnrin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo rán an, nítorí pé èmi ni kutúríyè, aránṣọ ìjọ. Ìyá mi fọwọ́ pa á wò, ó ní mo rán an dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nígbà tí iye yẹn pọ̀, èèyàn ni mí. Ìgbà tó wá dín kù ni kò kàn mí mọ́.” Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń wí i. Ṣùgbọ́n kò pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀ka kẹta tún wà. Olùkọ́bìnrin kan ní Canada máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí pọ́tábù. Ẹ̀ka àárín ni ẹ̀ka tiwọn: wọ́n ń pa òfin mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Oníàkẹtẹ̀ ì bá fi yìn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń ka obìnrin mọ́ ẹni mẹ́wàá. Mo gbé ohùn rẹ̀ sí etí bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní, “Bí mi ò bá mọ̀ bóyá irin mẹ́rin tó fún òpó, mẹ́fà ni mò ń fi sí i. Ilé kì í wó nítorí pé irin pọ̀.” Báyìí ló ṣe yan ẹ̀ka Oníàkẹtẹ̀, àfi bàtà nìkan. Títí di òní, a ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ti ìjọ aláṣọ funfun, Oníàkẹtẹ̀ sọ ọ́ títí, ó sú u.

Ìyá mi kú nínú ọyẹ́, àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. A sin ín lọ́jọ́ kejì nínú aṣọ funfun lásán, láìsí àsè, bí wọ́n ti kọ́ wa. Ẹbí bàbá mi láti Ahoyéyé bínú, wọ́n ní a sin obìnrin yẹn bí ẹni tí kò bímọ. Ó bímọ. Èmi nìkan ló kù nínú àwa ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bímọ. Àwọn ọkùnrin pé mẹ́wàá lọ́jọ́ náà, bàbá mi sì ka Kádíṣì. Kò sí ọ̀rọ̀ ikú kan nínú àdúrà yẹn, ìyìn Ọlọ́run ni látòkè délẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni ọmọ fi ń kà á fún ìyá rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin kọjá sí ìhà Nàìjíríà lọ wá iṣẹ́. Ó ku mẹ́sàn-án. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi á dìde, á ka ẹsẹ náà ní Hébérù, á dé orí ọ̀rọ̀ kẹsàn-án, á sì dúró. Á wo ẹnu ọ̀nà. Á dúró sí i. Lẹ́yìn náà á fo Kádíṣì, ìsìn á máa lọ. Èmi wà lẹ́yìn rídò tí mo fọwọ́ mi rán, àdúrà náà wà lẹ́nu mi látòkè délẹ̀. Màmá ló fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti ilẹ̀ Faransé, mo ń gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Pobè, níbi tí mo ń gbé, títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Ní oṣù kẹwàá, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo bá bàbá mi nílé lọ́jọ́ Àìkú, ó ń fi èèkù bọ ọkọ́.

Mo ní, “Bàbá, ẹ kà mí.”

“Mi ò lè ṣe é.”

“Ṣé ẹ ò fẹ́ ni?”

“Mo fẹ́. Mi ò wí pé mi ò fẹ́.” Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. “Tó bá jẹ́ pé ẹni tí kò yẹ ni mo fi pé e ńkọ́? Tí àdúrà náà ò bá wá gòkè? Ìyá rẹ ni. Mi ò lè fi tiẹ̀ ta tẹ́tẹ́.”

“Oṣù kẹwàá rèé tí ẹ ò ti gbà á mọ́. Irin yín ti pọ̀, Bàbá. Kò sí àyè fún èèyàn nínú ilé náà mọ́.”

Ó tún mú ọkọ́ nílẹ̀. Mo gun zémíjàn, mo sì padà sí Pobè láìkúnlẹ̀ dágbére fún un. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo sunkún lórí ọ̀kadà náà, onízémíjàn sì ń bi mí bóyá mo fẹ́ mu omi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi dé Sakété. Mo ń pe àwọn obìnrin wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn nínú oṣù mọ́kànlá ìyá mi ń bọ̀, pé mo fẹ́ ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní ìlànà Màmá. Wọ́n dé lọ́jọ́ Ẹtì kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé a kì í gun ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì: obìnrin mẹ́rin láti Sakété, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń dáko ní Ahoyéyé, àti aládùúgbò mi tó ti ń bá wa sinmi láti ọdún mẹ́rin, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti tó kà. Ìyá arúgbó Ita-Djèbou ni yóò ṣe ìkẹwàá. Ọmọ rẹ̀ pè mí pé orúnkún ìyá wú, kò lè dìde.

A ṣì ń wo ara wa nígbà tí zémíjàn kan dúró níta. Bàbá mi ló sọ̀ kalẹ̀, àpò aṣọ àdúrà rẹ̀ wà lábíyá. Mo kúnlẹ̀. Ọkàn mi ní ó wá dá wa dúró ni, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Ó kàn béèrè ibi tí òun máa sùn. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, ó wá ní, “Ẹ̀wà yìí jọ tiẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sí báráńdà, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó ń dá gba àdúrà tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwa wà nínú ilé. A ti sún àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ó tó àkókò, mo dìde, mo ka ẹsẹ náà ní Hébérù, mo ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí. Ọ̀rọ̀ kẹsàn-án bà lé èmi fúnra mi. Ìkẹwàá kò rí ibi bà lé.

“Kà á bẹ́ẹ̀,” ni aládùúgbò mi wí. “Ọlọ́run kì í ṣe duwányé tí ń ka ẹrù ní ibodè.”

Mo fẹ́ kà á. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́. Ṣùgbọ́n n kò kà á. Bí a bá ti gbà pé mẹ́wàá ni, mẹ́sàn-án kì í ṣe mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ìyá mi ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe bàbá mi ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìbínú mi tán, ìbànújẹ́ nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a máa bá ìsìn lọ.

Ohùn tó wà ní báráńdà ti dákẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, aṣọ àdúrà wà lórí rẹ̀, ó ń wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ẹsẹ náà nínú ara rẹ̀. Ó wọlé. Ó dúró sí ìparí ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ aládùúgbò mi.

“Mi ò lè kà ọ́ nínú ilé tí mo kọ́,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ilé tìrẹ nìyí. Kà mí.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ kẹwàá lé bàbá mi lórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ Kádíṣì fún ìyá mi.